Fèrè Tí Kò Kí Mi

Ọjọ́ Ajé, 1 Òkìtóbà 1956

Ìwé tuntun. Tíṣà Kékeré ló fún mi. Nọ́fíù ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ó ń kọ́ wa ní kíláàsì àwọn àgbà ní ìrọ̀lẹ́, kò sì dàgbà ju àwọn ọmọ ọmọ mi lọ. Ó ní kí a máa kọ ohun tí ojú wa bá rí sílẹ̀, kí ọwọ́ wa lè yá. Àwọn tó kù ń kùn. Èmi kò kùn. Èmi Sùwéébátù ti ń fi ẹsẹ̀ ara mi rìn kí rélùwéè tó dé Ìfọ̀, lónìí mo ń fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sílẹ̀. Ta ló tún kù?

Ohun tí ojú mi rí: ọ̀nà. Ibi tí títì Abẹ́òkúta ti ṣẹ́ kọ́nà ni ilé mi wà. Lásúnkànmí ọmọ mi ni ẹni àkọ́kọ́ tó wa lọ́rì ní àdúgbò wa. Ó ti fi ọkọ̀ sílẹ̀, ó wà ní Kánò, ṣùgbọ́n fèrè onírọ́bà tó lò láyé ìgbà náà ṣì wà lára ìṣó ní pálọ̀ mi. Nítorí tirẹ̀, kò sí dẹ́rẹ́bà tó dé kọ́nà yìí tí kì í fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mejì fún ọ̀nà, ẹ̀ẹ̀kan fún Ìyá. Èmi náà á na ọwọ́ ọ̀tún sókè. Àdéhùn wa nìyẹn.

Ẹnì kan ń ba àdéhùn jẹ́. Mùtàlíbù, ọmọ Bùrẹ́ímọ̀ onírẹsì ará Ọ̀fàdà. Òun ló ń kó ìrẹsì wá sí ibùdó rélùwéè. Láti ìgbà tó ti gba lọ́rì tuntun, fìrì ni yóò kọjá, kò ní fọn nǹkan kan. Mo ti sọ ọ́ lórúkọ fún ìlò ara mi: Kò-kí-mi. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà.

Ọṣẹ ti tán nílé. Kí Àsmá'ù ọmọ ọmọ mi má gbàgbé.

Ọjọ́rú, 3 Òkìtóbà

Ìrẹ̀ kò ké lọ́dún yìí. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ó yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ògiri ní ìrọ̀lẹ́. Kẹ́kẹ́. Bóyá oògùn tí àwọn wolé-wolé dà sí gọ́tà ló pa wọ́n run. Ayé ti ń bàjẹ́ láti ìsàlẹ̀.

Kíláàsì. Mo ka ojú ewé kan láìdúró. Ṣùgbọ́n Tíṣà Kékeré kò fọn fèrè ẹnu rẹ̀ mọ́ tí àkókò bá tó. Gbogbo ènìyàn á kàn dìde lójijì, wọ́n á máa lọ, èmi nìkan ni mo ṣì ń jókòó bí ẹni tó ń retí oúnjẹ. Kí ló dé tí kò fọn fèrè? Ìwé kì í ṣe ọjà tí a ń tú nígbà tó bá wù wá. N óò bá a sọ ọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀, 5 Òkìtóbà

Kò-kí-mi kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Eruku nìkan ló kí mi.

Ọjọ́ Àìkú, 7 Òkìtóbà

Ìdajì-Mi wá. Ròkíátù ni, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà tí a ti ń pọn omi. Ó ń ta ẹ̀kọ, ẹ̀rín kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Àwa méjèèjì jọ lọ kí ìyàwó tuntun ní ẹ̀yìn ibùdó.

Ọ̀rẹ́ mi ti ń darúgbó, ó dùn mí. Tí a bá ń rìn lójú títì, á dì mí lápá mú gírígírí, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ọkọ̀ ló sì máa ń wà, kì í jẹ́ kí èmi wà níbẹ̀. Bí ó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ yí ojú sí mi, á wá la ẹnu gbàgà bí ẹni tó ń pe ìrun. Mo bi í pé ta ló ń bá jà. Ó ní òun kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́ kó di apá mi mú o, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ranlẹ̀ mọ́ nílò ẹni tí yóò gbára lé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Òkìtóbà

Ohun tí ojú mi rí lónìí kò ṣeé kọ. N óò kọ ọ́ bákan náà.

A ń bọ̀ láti ọjà ibùdó, èmi àti Ìdajì-Mi. Iyọ̀ wà lọ́wọ́ mi, ewé ẹ̀kọ wà lórí tirẹ̀. A dé kọ́nà. Mo ṣáájú rẹ̀ sọdá — mo ń sọ fún un pé n óò kọ lẹ́tà sí Lásúnkànmí fúnra mi, láìbẹ akọ̀wé. Lójijì, ẹnì kan fa ìró mi láti ẹ̀yìn. Mo ṣubú sínú koríko. Kí n tó yíjú, lọ́rì ti kọjá lórí ibi tí mo dúró sí, ó wọ igbó lọ, àpò ìrẹsì ń bẹ́, ìrẹsì ń dà sórí títì bí yìnyín.

Ròkíátù wà nílẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti yí sí ibi tí ẹsẹ̀ kì í yí sí.

Òun ló fà mí. Ẹ̀gbẹ́ lọ́rì ló gbá a.

Kò-kí-mi bẹ́ sílẹ̀, ó káwọ́ lórí. Ó ń sọ pé òun ti ń fọn fèrè bọ̀ láti ìdí igi máńgòrò, òun kò dákẹ́. Mo sọ fún un lójú gbogbo ènìyàn pé irọ́ ni. Kò kí mi ní gbogbo ọjọ́ tó kù, ọjọ́ ikú ni yóò wá kí mi? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn.

Wọ́n fi ilẹ̀kùn gbé Ìdajì-Mi lọ sílé ẹni tó ń to eegun. Kò pariwo. Ojú mi ló ń wò ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń gbé e lọ. Kí ló ń wò?

Ọjọ́bọ̀, 11 Òkìtóbà

Ọlọ́pàá wá. Méjì. Wọ́n jókòó sí pálọ̀ mi, lábẹ́ fèrè Lásúnkànmí gan-an. Mo sọ ohun gbogbo. Wọ́n bi mí bóyá lọ́rì náà fọn fèrè. Mo ní kò fọn. Wọ́n ní ṣé ó dá mi lójú. Mo ní èmi ìyá dẹ́rẹ́bà, èmi tí mo lè mọ lọ́rì níbi tí a ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ kí ojú tó rí i, ṣé èmi ni yóò ṣi fèrè gbọ́?

Èyí tó jẹ́ àgbà nínú wọn kọ ọ́ sílẹ̀, ó kà á fún mi. *Lọ́rì náà kò fọn fèrè rárá.* Ó ṣí àpótí yíǹkì, ó na ọwọ́ kí n mú àtàǹpàkò wá.

Mo ní kí ó pa á dé. Mo ní kí ó fún mi ní gègé.

Mo kọ orúkọ mi. Sùwéébátù. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá wo ara wọn. Àsmá'ù sáré wá wò ó, tòun tọmọ lẹ́yìn. Ìwé àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ sí láyé mi nìyí, láìtẹ̀ka. Ẹ wo irú ọ̀ràn tí ó bá mi níbẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi dùn, n kò ní purọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 Òkìtóbà

Mo gbé ẹ̀kọ lọ fún ẹlẹ́kọ. Wọ́n ti fi ọparun di ẹsẹ̀ rẹ̀ lókè nísàlẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti di ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo dúpẹ́. Mo wá bi í, torí pé ọlọ́pàá ti dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀ náà: ṣé ó sọ fún wọn pé lọ́rì kò fọn fèrè? Ó wo ògiri. Ó ní òun sọ fún wọn pé ìṣubú ti gba ohun gbogbo lọ́kàn òun, òun kò rántí. Mo ní báwo ni kò ṣe rántí — bí kò bá gbọ́ nǹkan, kí ló mú un fà mí? Ó ní òun yíjú, òun rí ọkọ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa bí ẹ̀kọ tí mo gbé wá ṣe rọ̀.

Ẹ̀kọ kò rọ̀. Ó le bí òkúta, èmi ni mo rò ó.

Inú bí mi nígbà tí mo ń bọ̀ wá sílé. Ẹni tí wọ́n ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ló ń bo ẹni tó ṣẹ́ ẹ. Kí ni Kò-kí-mi fún un jẹ? Àbí èmi ni n kò mọ ọ̀rẹ́ mi mọ́?

Ọjọ́ Ajé, 15 Òkìtóbà

Mo dán ara mi wò. Mo ní kí Àsmá'ù mú fèrè onírọ́bà lára ìṣó, kí ó lọ sẹ́yìn ilé, kí ó fún un. Pòòò. Mo gbọ́ ọ ketekete, ó sì mú omi wá sójú mi. Ní ọ̀sán mo gbọ́ rélùwéè nígbà tí kò tíì yọ. Mo gbọ́ ladani. Etí mi kò ní àìsàn kankan. Ó tán.

Kí ló dé tí mo fi ń dán an wò, bó bá tán?

Ọjọ́ Jímọ̀, 19 Òkìtóbà

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, lọ́rì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Bùrẹ́ímọ̀ sọ̀kalẹ̀, pẹ̀lú fìlà tó ti wó sí ẹ̀gbẹ́. Mùtàlíbù sọ̀kalẹ̀ tẹ̀lé e, ó dọ̀bálẹ̀ sínú erùpẹ̀. Kò dìde. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni kóòtù. Bí adájọ́ bá gba ohun tó wà nínú ìwé tí mo fọwọ́ sí, wọn yóò gba láísẹ́ǹsì rẹ̀, wọn yóò sì tì í mọ́lé. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún.

Bùrẹ́ímọ̀ náà dọ̀bálẹ̀. Ó ní òun kò wá bẹ̀ mí kí n purọ́. Ó ní ọmọ òun ti ń ráhùn fún òun láti ọjọ́ pípẹ́, kí ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀ rárá: pé kí ló ṣe Ìyá kọ́nà, pé ojoojúmọ́ ni òun ń kí wọn, wọn kì í na ọwọ́ sí òun mọ́.

Mo ní kí ọmọ náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó gbé orí sókè. "Ìyá, lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni mo máa ń fọn ún. Ẹ̀yin ni ẹ kì í wojú mi. Àwọn dẹ́rẹ́bà tó kù náà ń sọ ọ́. Wọ́n ní bóyá nítorí pé ẹ ti mọ̀wé ni."

Mo rẹ́rìn-ín kíkorò. Mo ní ọ̀rọ̀ kò le: kí ó gun ọkọ̀ rẹ̀, kí ó fọn fèrè náà kí n gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ó gòkè. Ó tan ẹ́ńjìnnì. Ó na ọwọ́ sí ìdí sítíárìn. Mo dúró.

Mo dúró.

Àwọn adìẹ mi fò, wọ́n tú ká. Ewúrẹ́ tó sùn sábẹ́ ògiri dìde fìrì. Ọmọ ẹ̀yìn Àsmá'ù ya ẹnu, ojú rẹ̀ rọ́, omi ń dà. Mo ní, "Fọn ún ná. Kí lò ń wò?" Bùrẹ́ímọ̀ wo ilẹ̀. Àsmá'ù wo ilẹ̀.

Mùtàlíbù pa ẹ́ńjìnnì. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó jẹ́ pé òun gan-an ló ṣẹ̀. "Ìyá, mo ti fọn ún."

Mo lé wọn. Mo ní ètekéte ni, wọ́n ti bá Àsmá'ù dì í. Mo ní kí wọ́n kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi. Mo pa ilẹ̀kùn dé.

Ṣùgbọ́n ta ló bá adìẹ dì í?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Òkìtóbà

N kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni kò bá mi sọ̀rọ̀. Àbí wọ́n bá mi sọ ọ́?

Ọjọ́ Ajé, 22 Òkìtóbà

Ó ń dà mí láàmú. Mo gbọ́ fèrè onírọ́bà, n kò gbọ́ fèrè lọ́rì. Mo gbọ́ rélùwéè. Mo gbọ́ Àsmá'ù bó bá wà níwájú mi. Ǹjẹ́ etí lè yan ohun tí yóò gbọ́ bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì? N kò rí irú rẹ̀ rí. Adití tí mo mọ̀, kì í gbọ́ nǹkan kan.

Mo lọ sí kíláàsì kí àwọn tó kù tó dé. Mo ní kí Tíṣà Kékeré fọn fèrè ẹnu rẹ̀. Ó ní àkókò kò tíì tó. Mo ní kí ó fọn ún. Mo dúró tì í, ojú mi kò kúrò lára rẹ̀. Ó fi í sẹ́nu. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Àwọn méjì tó wà ní ìta sáré wọlé, wọ́n rò pé a ti bẹ̀rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ lásán ni.

Mo jókòó sórí àga ìjókòó wa. Mo bi í pé ṣé ó ti ń fọn ún láti ọjọ́ yìí wá. Ó ní kò sí ọjọ́ tí òun kì í fọn ún. Mo ní kí ló wá rò nígbà tí mo máa ń jókòó lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn bá ti lọ. Ó yí ojú sí mi dáadáa kó tó fèsì, bí Ròkíátù ti máa ń ṣe. Ó ní òun rò pé ìwé ni mo fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀.

Ó ní ohùn tó bá tín-ín-rín ni àwọn àgbà kọ́kọ́ máa ń pàdánù, pé bàbá òun náà ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá nípọn á ṣì kù. Fèrè onírọ́bà nípọn. Fèrè ìgbàlódé yìí, ó ní bí ìfé ló ń dún.

Etí tó gbọ́ àlọ ni í gbọ́ àbọ̀. Ẹgbẹ̀rún ìgbà ni mo ti pa òwe yẹn fún àwọn ọmọ. Kò sí ìgbà kan tí mo bi í pé bí kò bá gbọ́ àlọ ńkọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 Òkìtóbà

Mo lọ bá Ìdajì-Mi. N kò gbé ẹ̀kọ. Mo jókòó sí etí ẹní rẹ̀, mo ní, "O gbọ́ fèrè lọ́jọ́ yẹn."

Ó ní, "Mo gbọ́."

Mo bi í pé láti ìgbà wo ló ti mọ̀ nípa etí mi. Ó ní láti Iléyá tó kọjá lọ́hùn-ún. Iléyá! Nítorí náà ni ó fi ń di apá mi mú. Nítorí náà ni ó fi ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Èmi tí mò ń kọ ọ́ sínú ìwé yìí pé òun ló ń gbára lé mi.

Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ẹ̀rín rẹ̀ yọ díẹ̀. "Ta ni yóò sọ fún ọ? Ìwọ tí o máa ń bá lọ́rì jà pé kò kí ọ." Ó wá di ọwọ́ mi mú, ó ní bí òun bá sọ fún ọlọ́pàá pé fèrè dún, wọn yóò ní kí ló dé tí Sùwéébátù kò gbọ́, kí ilẹ̀ tó ṣú gbogbo Ìfọ̀ yóò ti máa pè mí ní adití. Ó ní ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ yóò jinná. Orúkọ kì í jinná.

Mo ní Mùtàlíbù ńkọ́? Ó ní òun ń ronú nípa rẹ̀, kò jẹ́ kí òun lè sùn.

Bí etí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Irọ́ ni o. N kò gbọ́ nǹkan kan, inú mi sì ti bàjẹ́ pátápátá.

Ọjọ́rú, 24 Òkìtóbà

Bí mo bá dákẹ́ lọ́la, orúkọ mi ń bẹ lórí ìwé náà, rírẹwà. Bí mo bá sọ̀rọ̀, adití ni mí. Kò sí òwe tó wá sí mi lẹ́nu.

Ọjọ́bọ̀, 25 Òkìtóbà

Kóòtù kún. Àsmá'ù dúró tì mí, ó ń tún ọ̀rọ̀ adájọ́ sọ sí mi lójú. Mùtàlíbù wà níbi tí wọ́n ní kí ó dúró sí, ó wọ agbádá bàbá rẹ̀, ó tóbi jù fún un. Ó wo ibi tí mo wà, ó tún rọra tẹrí ba kí mi. Pẹ̀lú ohun gbogbo.

Mo fi Àlùkùránì búra. Wọ́n ní kí akọ̀wé ka ìwé mi. Mo ní kí wọ́n fún mi, pé mo lè kà á. Adájọ́ gbà. Mo kà á sókè, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn èkejì, títí dé ibi tó ti ní *kò fọn fèrè rárá.* Mo dúró níbẹ̀.

Mo ní, "Orúkọ tó wà nísàlẹ̀ yìí, èmi ni mo kọ ọ́. Ohun tó wà lókè rẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Fèrè dún. Etí mi ni kò gbọ́ ọ."

Adájọ́ bi mí pé báwo ni mo ṣe wá mọ̀ pé ó dún bí n kò bá gbọ́. Mo ní adìẹ mi gbọ́. Gbogbo kóòtù bú sẹ́rìn-ín. N kò gbọ́ ẹ̀rín náà dáadáa, mo rí eyín. Mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Mo sọ ti ẹnu ọ̀nà mi, ti ewúrẹ́, ti ọmọ tó ń sunkún, ti fèrè Tíṣà. Mo ní ọ̀rẹ́ mi tó wà lórí ẹní gbọ́ ọ, òun ló fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ra ẹ̀mí mi, ìtìjú mi ló sì mú un sọ pé òun kò rántí.

Wọ́n kọ ìwé mìíràn. Mo fọwọ́ sí i. Lẹ́tà náà wọ́ lọ sísàlẹ̀ bí kòkòrò tó ń sá, èyí tó kẹ́yìn jábọ́ kúrò lórí ìlà. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló wà lókè rẹ̀.

Wọ́n dá Mùtàlíbù sílẹ̀. Bùrẹ́ímọ̀ ń sọ̀rọ̀, ń sọ̀rọ̀, ó di ẹsẹ̀ mi mú. N kò mọ ohun tó ń sọ. Mo sọ fún un pé mo gbọ́.

Ọjọ́ Ajé, 29 Òkìtóbà

Ní ọjà, obìnrin kan pe orúkọ mi látẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó wá sọ fún èkejì rẹ̀, "Adití kọ́nà nìyẹn." Ojú ẹnu rẹ̀ ni mo ti kà á. Kíkà ti wá mọ́ mi lára báyìí.

Mo bi Àsmá'ù pé ṣé ìrẹ̀ ń ké. Ó ní wọ́n ń ké. Mo ní láti ìgbà wo. Ó ní láti ìgbà tí òjò ti ń lọ, bó ṣe ń rí lọ́dọọdún, àti pé bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí gan-an, ọ̀kan wà lẹ́yìn ògiri tí kò jẹ́ kí ọmọ sùn.

Mo gbé etí lé ògiri. Ògiri tutù.

Kí ni ìyókù? Ta ló ti kí mi tí mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́? Ta ló pè mí tí mo bínú sí pé kò pè mí? N kò lè ka iye wọn, n kò sì lè rí wọn bẹ̀.

Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Lọ́rì mẹ́sàn-án ti kọjá. Mo na ọwọ́ ọ̀tún sí gbogbo wọn, èyí tó fọn àti èyí tí kò fọn. Àwọn kan á ti rò pé orí mi ti dàrú.

Ẹ̀kẹwàá ń bọ̀ nìyẹn. Mo rí eruku rẹ̀ láti ìdí igi máńgòrò. Ẹ jẹ́ kí n gbé gègé sílẹ̀ ná, kí n na ọwọ́.